Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín, Ẹ Wá Ayẹléwò Tó Kúnjú Ìwọ̀n

Láyé àwọn baba wa ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, ẹni tó bá ní ilé ló kọ́ ọ, tàbí kó jẹ́ pé baba rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ ìpìlẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe po amọ̀, ó sì mọ igun tí omi máa ń gbà wọlé nígbà tí òjò bá bá ìjì wá. Bí ògiri bá sán, ó mọ ìdí tó fi sán. Ọ̀rọ̀ ti yí padà lónìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Abuja, ní Abidjan àti ní ìlú òyìnbó ni kò ráyè dúró ti bíríkìlà fún ọdún méjì mẹ́ta. Ilé tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n tún un kùn, kí wọ́n sì kó wọ ibẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ohun tí a kò kọ́ là ń rà, síbẹ̀ à ń wò ó bí ẹni pé àwa la kọ́ ọ. A ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, a ó ṣílẹ̀kùn, a ó yí ẹnu ẹ̀rọ omi wò, a ó ní ilé náà wù wá, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bí a bá bi ajẹ́ńtì tó mú wa wá léèrè bóyá ilé náà lágbára, yóò dáhùn pé kò sí wàhálà. Lórí gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kó owó tí wọ́n fi ogún ọdún kó jọ sílẹ̀.

Èrò tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò kò ju ẹyọ kan lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ lórí ilé, ìbáà jẹ́ owó àsansílẹ̀, láìjẹ́ pé ayẹléwò tó kúnjú ìwọ̀n ti yẹ ilé náà wò láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ayẹléwò tó kúnjú ìwọ̀n, lójú tèmi, ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àjọ tó lè yọ orúkọ náà kúrò bí ó bá ṣe màgòmágó. Ẹni tí kò ní èrè kankan nínú pé kí ọjà náà wọ̀ tàbí kó má wọ̀. Àti ẹni tó ṣe tán láti kọ ohun tó rí sínú ìwé, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹni tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá ti yẹ̀ lára rẹ̀, ìmọ̀ràn ló ń fún wa. Ìmọ̀ràn kò burú, àmọ́ kò tó ohun tí a lè fi ogún ọmọ wa lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ojú lásán ti kọ́kọ́ máa ń tan ni jẹ. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní agbègbè wa jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nínú àti lóde. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, tí wọ́n sì fi ọ̀dà tuntun kùn ún, ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ilé búlọ́ọ̀kù. N kò sọ pé ilé alámọ̀ kò dára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ṣojú ìran mẹ́ta tí wọ́n ṣì dúró gbọin-gbọin. Ṣùgbọ́n amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì kì í wú bákan náà, wọn kì í sì í súnkì bákan náà. Bí omi bá gba ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán wọ inú amọ̀, amọ̀ yóò máa yọ́ nínú nígbà tí ara ògiri ṣì ń dán lóde. Ẹni tó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ tó sì ń gbèrò láti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e lórí, ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti aráalé rẹ̀ ló fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́. Ayẹléwò tó mọṣẹ́ yóò ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣí ibi kékeré kan lára rírẹ́ náà kí òun lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó lè jẹ́ pé rírẹ́ ló yára gbẹ jù, àti ìlà tó ti igun fèrèsé dagun lọ sókè tí etí kọ́bọ̀ lè wọ̀, tó lè túmọ̀ sí pé ìpìlẹ̀ ń rì lápá kan. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lára ilé títà, wọ́n lè fi sìmẹ́ǹtì dí ẹnu ògiri náà pa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí olùrà ń bọ̀.

Ògiri kọ́ ló parí rẹ̀. Ikán lè ti jẹ igi òrùlé tán nínú kó má sì yọjú síta, ẹni tó bá gun òkè àjà lọ fi ọ̀bẹ gún igi náà wò nìkan ni yóò mọ̀. Páálí àjà inú àwọn ilé kan tí wọ́n kọ́ láàárín ọ̀rúndún tó kọjá lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ sì máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bí wọ́n bá ń fọ́ ọ láìṣọ́ra. Kànga tí omi rẹ̀ mọ́ gaara lè wà ní ìtòsí sọ́kàwéè jù. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ìlera àyíká sábà máa ń tọ́ka sí ni mítà 30. Bí ó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ìbéèrè ńlá wà lórí dẹ́kìnì: ṣé irin inú rẹ̀ tó, ṣé kò ti dípẹtà, ṣé kọnkéré rẹ̀ gbó dáadáa? Àwọn ẹnjiníà ní òòlù kan tí wọ́n máa ń fi gbá kọnkéré láìfọ́ ọ, tí yóò sì jẹ́ kí wọ́n mọ bí ó ṣe le tó, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń wá ibi tí irin wà nínú pílà. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun jẹ́ ìlú onílù tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, ẹ̀kọ́ sì wà nínú iṣẹ́ yẹn fún wa. Kò sí ọmọ Àyàn tó mọṣẹ́ tí yóò ra ìyáàlù nítorí saworo tó ń dán lẹ́nu rẹ̀. Yóò tẹ awọ rẹ̀ wò, yóò fa ọṣán rẹ̀, yóò lù ú, yóò sì gbọ́ bóyá igi rẹ̀ ti sán. Ilé tó gba owó ọgọ́rùn-ún ìyáàlù kò yẹ kó gba àyẹ̀wò tó kéré sí ìyẹn.

Àyẹ̀wò ilé kò sì lè yọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ní agbègbè tiwa ju ibòmíràn lọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ààlà ti dá sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò, tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì jọ ń ná ọjà kan náà. Ní 2025, ó le débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé lélẹ̀ ní Ifọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti ṣòfò tí iná sì ti jó ilé. N kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, iṣẹ́ àwọn tó ń pẹ̀tù síjà kọ́ ni mo fẹ́ gbà ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń ra ilé ní àgbègbè tí àríyànjiyàn ààlà wà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilé náà dúró sí kó tó rà á. Pèrègún tí àwọn baba wa gbìn sí ààlà ṣì ní iyì rẹ̀, ṣùgbọ́n súfèyọ̀ tó ní àṣẹ lè fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ náà, kó fi wé ohun tó wà nínú ìwé ìjọba, kó sì sọ bóyá ògiri kò wọ ilẹ̀ onílẹ̀ tàbí ilẹ̀ tí ìjọba ti fi ọ̀nà là. Yóò tún wo bí omi ṣe ń ṣàn. Odò Erinlẹ̀ tó ṣàn gba ẹ̀bá Ìlobùú ní etí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo odò kéékèèké tó ń dà sínú Ọ̀ṣun. Omíyalé tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ ilé tó sì gbé lọ ló jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń rẹwà jù lọ lójú ẹni tó fẹ́ rà á.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ jẹ́ ti lọ́yà, àmọ́ ó so mọ́ àyẹ̀wò yìí bí ìrù ti so mọ́ ẹran. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú gómìnà, abala 22 rẹ̀ sì sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti ọwọ́ gómìnà kò lè gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ni ilẹ̀, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ìwé sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú márùn-ún yẹn. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, tí ọmọ ẹbí kan ta á láìjẹ́ pé olórí ẹbí mọ̀ sí i, ilé ẹjọ́ wa ti ń sọ ọ́ láti ọdún pípẹ́ pé títà náà kò múlẹ̀ rárá. Ẹ wo bí èyí ṣe kan olùrà: ilé lè lágbára bí àpáta, kó sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ìwé lè pé pérépéré, kí ilé sì máa wó bọ̀. Olùrà tó bá gbé lọ́yà nìkan lọ́wọ́ ti fi ojú kan wo ọjà. Ẹni tó bá gbé ẹnjiníà nìkan lọ́wọ́ ti fi ojú kejì wò ó.

Ta wá ni ẹni tó kúnjú ìwọ̀n? Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, láti àárín àwọn ọdún 1980 ni òfin ti ní kí àwọn ayẹléwò gba ìwé àṣẹ tiwọn. Ní Bìrìtìkó, ẹgbẹ́ àwọn súfèyọ̀ tí à ń pè ní RICS lónìí ti wà láti 1868, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ilé ló máa ń san owó súfèyọ̀ tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, kò sí ìwé àṣẹ kan tó jẹ́ ti ayẹléwò nìkan. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni fi lè dìde lónìí kó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni ìdí tí ó fi yẹ kí olùrà mọ àwọn àjọ tó wà. COREN, tí òfin 1970 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Ẹnjiníà ilé kíkọ́ tó wà nínú ìwé wọn ni kí ẹ mú lọ bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀, pílà àti dẹ́kìnì. CORBON, ti 1989, ló wà fún àwọn akọ́lé tó kàwé gboyè nínú iṣẹ́ náà. ESVARBON, ti 1975, ló wà fún àwọn tó ń díye lé ilé àti ilẹ̀, wọn yóò sì sọ fún yín bóyá iye tí wọ́n dá lé e bá ipò tó wà mu. SURCON, ti 1989, ló wà fún àwọn súfèyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀. Ní ti wáyà iná, àjọ NEMSA ló ní àṣẹ láti ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Ilé kékeré tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè má nílò ju akọ́lé kan àti súfèyọ̀ kan lọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ ṣaláì ní ẹnjiníà. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì lọ bi àjọ náà fúnra rẹ̀ léèrè; káàdì tó wà lọ́rùn èèyàn kò tó ẹ̀rí.

Orúkọ nínú ìwé nìkan kò tó bí ẹni náà bá ń jẹun lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Ajẹ́ńtì kì í rí owó tirẹ̀ gbà àfi bí ọjà bá wọ̀. Ẹnjiníà tí ajẹ́ńtì bá mú wá mọ̀ pé bí òun bá ba ọjà mẹ́ta jẹ́, ajẹ́ńtì kò ní pe òun mọ́. N kò sọ pé yóò purọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìdí láti má wo ibi tó ṣókùnkùn. Ẹjọ́ kan tí ilé ìgbìmọ̀ àwọn onídàájọ́ àgbà ní Bìrìtìkó dá ní 1989, Smith àti Eric S Bush, ṣe àpẹẹrẹ èyí. Obìnrin kan ra ilé ní ìlú Norwich. Ilé-iṣẹ́ tó yá a lówó ló rán súfèyọ̀ lọ wo ilé náà, obìnrin náà sì gbára lé ohun tí súfèyọ̀ kọ. Ẹnì kan ti yọ apá ìsàlẹ̀ ògiri tó gbé ihò èéfín ró nínú ilé yẹn, súfèyọ̀ sì rí i, àmọ́ kò gòkè lọ wò bóyá ohun kankan ṣì gbé apá òkè dúró. Lẹ́yìn oṣù 18, ihò èéfín náà já wọ inú ilé. Ilé ẹjọ́ dá súfèyọ̀ lẹ́bi pé ó jẹ obìnrin náà ní ojúṣe ìṣọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà kọ́ ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn kì í sábà wo ilé yín bí ẹ ṣe fẹ́ kó wò ó. Èkejì, nítorí pé súfèyọ̀ náà jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní òfin, tó sì kọ̀wé sílẹ̀, obìnrin náà rí ẹni dì mú. Ta ni à bá dì mú bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n ajẹ́ńtì ló fi ẹnu lásán sọ pé ilé náà dára?

Ìdí nìyí tí ìwé fi ṣe pàtàkì. Ìwé ayẹléwò tó dára yóò sọ ohun tó rí, yóò sọ ibi tí kò lè dé, yóò fi àwòrán hàn, yóò sọ èyí tó léwu lójú ẹsẹ̀ àti èyí tó lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, yóò sì díye lé àtúnṣe. Orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ àti òǹtẹ̀ rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀. Nínú àwọn ilé wíwó tó bà wá lọ́kàn jẹ́ jù ní Èkó, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹni tó ń wọlé mọ̀ kì í dé etí rẹ̀. Nígbà tí ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní Ìkòtún ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, èèyàn 116 ló kú. Ìdájọ́ tí adájọ́ tó wádìí ikú wọn gbé jáde ní 2015 sọ pé ilé náà kò gba àṣẹ ìkọ́lé, àti pé àìlágbára ilé fúnra rẹ̀ ló wó o. Nígbà tí ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fàájì ní oṣù Kẹta 2019, tó pa àwọn ọmọdé, àwọn aláṣẹ sọ pé àwọn ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Ọ̀rọ̀ ilé alájà 21 tó wó ní ojú ọ̀nà Gerrard, Ìkòyí, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, tí ó lé ní ogójì èèyàn bá a lọ, le jù: ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń bá wọn mójú tó o ti kọ̀wé ní 2020 pé àwọn yọwọ́. Ẹni tó bá mú ẹnjiníà tirẹ̀ lọ síbẹ̀ kó tó san owó fún ilé kan nínú rẹ̀, ìbéèrè tí ẹnjiníà yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, ta ló ń mójú tó iṣẹ́ yìí? Ìdáhùn náà ni ì bá gba owó rẹ̀ là, bóyá ẹ̀mí rẹ̀ pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ilé gogoro Èkó kọ́ là ń rà ní Ìlobùú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí kò ga tún máa ń já owó gbà lọ́wọ́ ẹni díẹ̀díẹ̀ láìwó: òrùlé tí à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, ògiri tí ọ̀rinrin kò jẹ́ kí ọ̀dà dúró lára rẹ̀, sọ́kàwéè tó ń kún lójò. Àwọn mìíràn yóò ní owó ayẹléwò pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ajẹ́ńtì ń gba ìdá tirẹ̀ nínú iye ilé, lọ́yà ń gba tirẹ̀, a sì ń san án láìjanpata nítorí pé ó ti di àṣà. Ayẹléwò nìkan, tí iṣẹ́ rẹ̀ lè mú kí ẹni tó ń tajà din iye ilé kù tàbí kó tún òrùlé ṣe kó tó tà á, ni à ń pè ní ìnáwó òfò. Bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé òrùlé yóò gba mílíọ̀nù méjì náírà láti tún ṣe, ẹ ti ní ohun tí ẹ ó fi ná ọjà. Bí ó bá sọ pé ilé náà dára, ẹ ti ra oorun àsùnwọra fún ogún ọdún. Ẹni tí kò bá lè san owó àyẹ̀wò ilé, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó lè san owó àtúnṣe rẹ̀.

Àtakò mìíràn ni ti bíríkìlà: àbúrò mi ni bíríkìlà, ó ti kọ́ ilé tó lé ní ogún, yóò bá mi wò ó. N kò ní sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí bíríkìlà, àwọn ló fi òógùn kọ́ ìlú wa. Ẹ mú un dání. Bíríkìlà tó gbọ́n lè rí ohun tí ẹnjiníà tó ń sáré yóò fò. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ṣírò ẹrù tí pílà lè gbé, kò ní ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú kọnkéré, bí ó bá sì ṣàṣìṣe, ìjà ẹbí ni yóò dé, kò sí àjọ tí ẹ lè gbé e lọ. Ó tún wà pé àbúrò kì í fẹ́ ba inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ nígbà tó rí i pé ọkàn ẹ̀gbọ́n ti fà sí ilé kan. Àjèjì tí a sanwó fún láti sọ òótọ́ ló rọrùn fún láti sọ pé ẹ má rà á.

Ẹlòmíràn yóò ní ìjọba ti fọwọ́ sí pilánù, ìwé C of O sì wà. Ìwé C of O ń sọ nípa ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa bí sìmẹ́ǹtì ṣe pọ̀ tó nínú búlọ́ọ̀kù. Pilánù ń sọ ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́, kò sọ ohun tí wọ́n kọ́. Lórí ilé Ìkòyí yẹn, ọ̀gá àjọ tó ń ṣàkóso ilé kíkọ́ ní àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí, igbákejì gómìnà sì ní 21 ni. Bí àwọn tó fọwọ́ sí i kò bá fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye àjà, báwo ni olùrà ṣe fẹ́ fi òǹtẹ̀ wọn nìkan sùn? Nàìjíríà ní Ìwé Ìlànà Ilé Kíkọ́ láti 2006, tó sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ilé kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Ìlànà náà dára. Ilé alámọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ní àdúgbò wa kò mọ̀ pé ìlànà kankan wà.

Àtakò tó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn àgbà tó ń sọ pé kíkó ẹnjiníà wọ ilé onílé dà bí ìgbà tí a pè é ní onírọ́, pé ọmọlúàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìlú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, nítorí ìfọkàntán ló mú kí àdúgbò wa ṣe é gbé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí àwọn baba wa ṣe ń ra ilẹ̀. Wọn kì í rà á láìpe ẹlẹ́rìí. Ẹbí méjèèjì yóò péjọ, wọn yóò rìn yí ààlà ká, àwọn tí ilẹ̀ wọn bá a pààlà yóò wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé àbùkù ni. Ẹlẹ́rìí ló ń dáàbò bo olùtà náà, kí olùrà má bàa padà wá ní ọdún kẹta pé wọ́n tan òun jẹ. Ìwé ayẹléwò ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Olùtà tó mọ̀ pé ilé òun dára kò ní bẹ̀rù rẹ̀, èyí tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun òkè àjà òun ti dáhùn ìbéèrè tí ẹ kò tíì béèrè.

Ó ku àwọn tó ń sọ pé àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí kò pọ̀ ní ìlú wa, pé àwọn kan nínú wọn náà sì ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Òṣogbo tí wọ́n wà kò jìnnà. Fáfitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ̀kọ́ nípa dúkìá ilé àti ilẹ̀, àti iṣẹ́ ẹnjiníà, ọmọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà láàárín àwọn tó ti jáde níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kọ̀ọ̀kan kó orúkọ wọn jọ, kí wọ́n bi àwọn àjọ léèrè bóyá àwọn orúkọ náà ṣì wà nínú ìwé, kí wọ́n sì fi ṣọwọ́ sí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi. Ní ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sí iṣẹ́ tí kò ní oníjìbìtì, àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín oníjìbìtì tí a lè fẹ̀sùn rẹ̀ sun COREN kí ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, àti èyí tí kò ní ohun tó lè pàdánù. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni owó ayẹléwò ń rà fún wa.

Mo wá rọ àwọn tó wà ní ipò láti ṣe nǹkan kan. Kí àwọn lọ́yà tó ń kọ ìwé àdéhùn ilé ní agbègbè yìí máa fi ìlà kan kún un pé owó àsansílẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ olùrà bí àyẹ̀wò bá rí àléébù ńlá. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn àti Orolu ní kí ẹ̀ka tó ń mójú tó ètò ilé kíkọ́ máa jẹ́ kí olùrà rí pilánù ilé tó fẹ́ rà láìjẹ́ pé ó ní ẹni tó mọ̀ níbẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì ronú lórí òfin tí yóò sọ ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní ayẹléwò. Ṣùgbọ́n olùrà kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀ràn títà ilé sí ọrùn olùrà pé kó la ojú rẹ̀. Bí ó bá sanwó tán, ó ṣòro kó gbà á padà. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá rí ilé tó wù yín ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tàbí níbikíbi, ẹ yìn ín fún onílé, ẹ kí i, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹnjiníà yín ń bọ̀. Ẹ má sanwó títí ìwé rẹ̀ yóò fi tẹ̀ yín lọ́wọ́, ohun tó bá sì wà nínú ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀ lé, kódà bí ilé náà bá ti wọ ọkàn yín.